Ẹni Tí À Ń Kúnlẹ̀ Kí Kò Ṣe É Gbà Síṣẹ́

Ẹni tí o bá ń kúnlẹ̀ kí láàárọ̀, o ò lè dúró lé e lórí nírọ̀lẹ́ kó o bi í pé kí ló dé tí iṣẹ́ tó ṣe lánàá fi bàjẹ́ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi jiyàn. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, ojú mi sì ti rí i.

Kóòlù-rúùmù ni mo ní ní Ìkòsí, a ò jìnnà sí ọjà Mile 12. Panla, kòtè, ṣáwá, adìẹ dídì, inú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń wà. Àwọn tó ń tà wẹ́wẹ́ ládùúgbò, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń rà á kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ wà. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù bá ti dákẹ́, ẹja ò ní sùúrù fún ọmọ ẹnì kankan.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló so ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ fíríìjì ni wọ́n ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ìsẹ́yìn wá sí Èkó. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn létí títì ní Kétu, títí ìjọba fi wá wó gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò síbòmíì tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Ọ̀gá mọ́, àfi ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n á dé láàárọ̀, wọ́n á wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n á fọwọ́ ara wọn gbá ẹ̀yìn ilé níbi tí ẹ̀rọ wà. Èmi á kúnlẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀dá mi." Wọ́n á ní, "Ìyàwó wa, ṣé dáadáa la jí?" Ọmọlúàbí ni wọ́n. Mo fẹ́ràn wọn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó le.

Nítorí pé fíríìjì inú ilé kọ́ ni kóòlù-rúùmù. Ẹ̀rọ ń gbóná. Wáyà ń yọ́, wọ́n á fi téèpù dúdú wé e. Nígbà míì tí mo bá fara kan ilẹ̀kùn onírin yẹn, á gbọ̀n mí lápá dé èjìká. Mo sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Iná kékeré nìyẹn, ìyàwó. Ó ń kí ẹ ni."

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ti ń ra panla lọ́wọ́ mi tipẹ́ gbé abọ́ rẹ̀ padà wá, ó gbé e sún mọ́ mi nímú lójú gbogbo oníbàárà. "Aunty, ẹ gbóòórùn ẹ̀." Kò pariwo. Ó da ẹja náà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bá ẹlòmíì rà. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọkọ mi pé a máa gba ẹnjiníà, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ kóòlù-rúùmù, tó jẹ́ pé tó bá ṣe iṣẹ́ jákujàku mo lè bá a wí.

Ọkọ mi ò jiyàn. Ó ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ dá ẹ̀gbọ́n ọkọ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Òun náà ò lè wojú ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà kó sọ ọ́. Ó ní àgbà ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀, òun á rán àbúrò bàbá wọn tó ń gbé ní Ifákọ̀. "Ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò," ló wí fún mi. Bàbá Ifákọ̀ gbà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀, wọn ò yọjú. Lónìí, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Lọ́la, òjò ṣú. Èmi náà ò lè bi wọ́n, torí ta ni mo jẹ́ nínú ẹbí?

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo pe ẹnjiníà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, láti Anthony. Oníbàárà mi kan ní Magodo ló júwe ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló wá, torí Bọ̀dá mi ti sọ pé àwọn ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ náà. Èmi àti ọkọ mi kó ẹja lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ẹnjiníà paná, ó tú wáyà, kò bú ẹni tó so ó. Ó kàn sọ fún mi pé iná ti wọ ara ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má tan án, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án títí òun á fi ra wáyà tuntun dé. Yìnyín ń yọ́ nínú yàrá, omi gba gbogbo ilẹ̀.

Kò pẹ́ tó jáde ni Bọ̀dá mi wọlé. Wọ́n gbé ìrẹsì ibi ìsọmọlórúkọ sínú ọ̀rá wá fáwọn ọmọ mi. Wọ́n rí wáyà nílẹ̀, wọ́n dúró.

"Ta ló tú iṣẹ́ mi?"

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo fi kí wọn. Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo fóònù. Títí dòní, tí mo bá rántí fóònù yẹn, inú á tún bí mi.

"Ẹnjiníà kan ló wá wò ó, Bọ̀dá mi. Ẹ má bínú. A rò pé Bàbá Ifákọ̀ ti bá yín sọ ọ́."

"Bàbá Ifákọ̀ náà mọ̀?" Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Gbogbo yín lẹ mọ̀."

Ì bá sàn kí wọ́n bú wa. Wọ́n gbé ọ̀rá ìrẹsì kalẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ bùbá wọn sókè. Wọ́n ní àwọn máa so ó padà báwọn ṣe so ó tẹ́lẹ̀, tó bá ṣiṣẹ́, ká sọ fún ẹnjiníà wa pé kó máa lọ. Mo ní, "Ẹ dákun, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Ká ní òṣìṣẹ́ mi lásán ni, ǹ bá jágbe mọ́ ọn, ǹ bá tì í síta, ǹ bá tilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Wọ́n rọra yọ ẹsẹ̀ wọn lọ́wọ́ mi. Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ kí omi má bà á jẹ́. Wọ́n so wáyà, wọ́n lọ tan iná, wọ́n padà wá, wọ́n sì di ilẹ̀kùn mú.

Ká tó gbé wọn dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá Ifákọ̀ wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò lè gbé wọn wá sọ̀rọ̀ ló gbé wọn wá síbi òkú, wọ́n sì ń sọ fún wa pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Ẹnjiníà padà wá parí iṣẹ́ nígbà tó yá. Láti ìgbà yẹn, kóòlù-rúùmù ò dákẹ́ rí, ilẹ̀kùn ò gbọn ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà ti padà. Mò ń tajà nínú ẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì kórìíra ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ò wá síbi ìsìnkú, torí òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ẹ̀yìn àdúà ogójì ọjọ́ ni wọ́n tó wá láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ní ká mú àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti múra sílẹ̀ fún èpè. Màámi dúró síwájú ilẹ̀kùn onírin yẹn, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dún.

"Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Màámi."

"Ta ló ṣe é?"

"Ẹnjiníà kan ni, mà. Wọn ò bí i nílé wa."

Wọ́n mi orí fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa. Ọmọ ẹlòmíì ni kó máa ṣe é," ni wọ́n wí. "Ọkọ ẹ nìkan ló kù tí mo bí. Má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án."