Ẹ̀bẹ̀ Kì í Ṣe Ohun Tí À Ń Tẹ̀ Lórí Fóònù

Ẹnu mi mú. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi tún un sọ, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló wá fi òǹtẹ̀ lù ú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnu náà kúkú ni mò ń ṣe. Ọ́fíìsì ìjọba kan wà láàárín Òṣòdì sí Ìsọlọ̀, èmi ni mò ń bá wọn bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bi mí pé ọ́fíìsì wo ni, mo ṣì fẹ́ máa jẹun níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó gọ́tà, bí wọ́n bá fẹ́ dí ọ̀nà, bí àwọn nọ́ọ̀sì bá fẹ́ fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwa la máa gbé e sórí péèjì kí ayé lè rí i. Àwa méjì péré la wà nídìí ẹ̀, èmi àti ọ̀gá mi, bàbá kan tó ti ń ṣe ìkéde fún ìjọba láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi mọ́tò àti gbohùngbohùn kiri àdúgbò.

Bàbá yìí kì í ṣe èèyàn burúkú o. Bó bá ra bọ̀ọ̀lì, á ṣẹ́ ẹ sí méjì, á na ìdajì sí mi. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí kò ṣeé yẹ̀. Ìkéde kankan ò gbọdọ̀ jáde àfi bí oríkì ọ̀gá àgbà, olórí gbogbo wa pátá, bá ṣáájú. “Ọlọ́lá jùlọ, akínkanjú aṣáájú, ọ̀rẹ́ mẹ̀kúnnù, baba àwọn ọ̀dọ́, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń fọhùn fún un.” Á tò ó lọ bẹẹrẹ. Àwòrán ọ̀gá àgbà nínú agbádá funfun á jókòó sókè. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ti ti rẹ èèyàn, ibẹ̀ lẹ ó ti wá rí ohun tí a fẹ́ sọ gan-an.

Ẹ̀yin tó ń lo fóònù mọ̀ ọ́n. Ìlà díẹ̀ ló máa ń hàn, ìyókù á fara pamọ́ títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Ta ló fẹ́ dúró máa tẹ oríkì olóríkì? Mo sọ fún bàbá. Mo fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, mo tún fi líle sọ ọ́. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó ń fún ni lóúnjẹ là ń kọ́kọ́ kí.” Ó ní òun ti rí akọ̀wé tí wọ́n gbé kúrò nídìí tábìlì ẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbúròó ẹ̀ mọ́, torí pé ó gbàgbé “ọlọ́lá.” Mo gbé e jáde bó ṣe fẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Nígbà tó yá, èéyi wọ àdúgbò wa. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ojú á pọ́n, ara á wá sú wìnnìwìnnì. Àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn máa fún ọmọ gbogbo ní abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ kan, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Bọ́ládé ni wọ́n ti máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé ẹ̀ ti ń jò, àwọn káfíńtà fẹ́ tún un ṣe, ni wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ lọ sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan lọ́nà Ìsọlọ̀. Mo kọ ìkéde náà bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò mi: “Ẹ̀yin ìyá, ẹ má lọ sí ilé ìwòsàn o. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni kí ẹ gbé ọmọ wá.” Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní mo gbìyànjú, ó kó gbogbo oríkì lé e lórí, ó fi agbádá funfun dé e, ó ní kí n gbé e jáde. Ọ̀rọ̀ mi wá wọ inú lọ pátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sọ̀kalẹ̀ ní Bọ́ládé, mo ní kí n kọ́kọ́ yà wo bí nǹkan ṣe rí. Yéè! Àwọn ìyá tó pọ̀n ọmọ ti pọ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, géètì wà ní títì, àwọn káfíńtà ń kan ìṣó lórí òrùlé. Oòrùn ti mú. Mo pariwo pé, “Ẹ̀yin màmá, wọn ò ṣe é níbí mọ́! Ọ̀nà Ìsọlọ̀ ni!” Àwọn kan pòṣé, àwọn kan ní àwọn ò lówó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n bá yíjú padà sọ́nà ilé.

Ọ̀kan nínú wọn dúró. Obìnrin tín-ín-rín kan ni, ó so gèlè aláwọ̀ búlúù, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sùn lẹ́yìn ẹ̀. Ó bi mí pé, “Níbo lẹ ti sọ ọ́?” Mo ní orí péèjì wa ni. Ó yọ fóònù ẹ̀, ó wá a, ó rí i, ó sì na fóònù náà sí mi lójú. “Èyí? Mo rí i lánàá. Mo rí àwòrán ọ̀gá yín, mo kọjá lára ẹ̀.”

Kò pariwo. Ó kàn ní, “Àǹtí, ọ̀kan ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èéyi ló gbé e lọ. Ẹ̀yin lẹ ní ká wá, a wá, ẹ tilẹ̀kùn mọ́ wa. Mi ò ní gbé ọmọ lọ síbì kankan fún yín mọ́.” Ó bá wọkọ̀ Apákùn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èébú ń rọ̀ lórí péèjì wa. Mo ń kà á lọ ni mo rí gèlè búlúù nínú àwòrán kékeré kan. Òun ni. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: “Ẹ pè wá, ẹ tilẹ̀kùn mọ́ wa. Èéyi ti gba àkọ́bí mi. Èyí tó kù yìí, Ọlọ́run ni yóò bá mi ṣọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀yin.” Nísàlẹ̀ ẹ̀, àwọn ìyá mìíràn ń dá a lóhùn: “Èmi náà ò lọ mọ́.” “Ká jókòó sílé wa jẹ́jẹ́.” Ẹ̀rù bà mí gan-an. Èébú kì í pa ọmọ, ṣùgbọ́n bí àwọn ìyá yìí bá jókòó sílé títí Jímọ̀ fi kọjá, èéyi ò ní jókòó.

Bàbá wò ó láti ẹ̀yìn mi. Ó ní, “Pa á rẹ́. Kó o sì dínà mọ́ obìnrin yẹn.”

Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ohunkóhun tí kò bá ti ní òórùn ìyìn nínú, a máa gbá a dànù, a ní ojú péèjì ìjọba gbọdọ̀ mọ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní pa á rẹ́.”

“Kí lo wí?”

“Ọmọ ló kú fún obìnrin yìí, sà. Bí ẹ bá lè pa á rẹ́, fóònù rèé.”

Mo gbé e síwájú ẹ̀. Ó tún awò ojú ẹ̀ ṣe, ó wo fóònù, ó wò mí, ó tún wo fóònù. Kò kúkú mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó kàn ní ọmọ tí kò gbọ́ràn ni mí, ó jókòó.

Ni mo bá fèsì fún obìnrin náà níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: “Ẹ má bínú, ìyá wa. Àwa la jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ wá.” Bàbá fò dìde. “Ìjọba kì í jẹ̀bi! Ta ló rán ẹ níṣẹ́?” Ṣùgbọ́n ìdáhùn obìnrin náà ló dùn mí ju ti bàbá lọ. Ó ní: “Ẹ̀bẹ̀ wo lẹ fi ìka bẹ̀ yẹn? Bí ẹ bá ṣẹ èèyàn ládùúgbò yín, ṣé fóònù lẹ fi ń bẹ̀ ẹ́?”

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà ò dùn mọ́. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá ṣẹ ẹlòmíràn nílé wa, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni yóò fi rìn lọ, á mú àgbà dání, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ rí ojú òun. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí débi pé mo ti ń rò pé bí mo bá ti tẹ ọ̀rọ̀, mo ti bá èèyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ní kò burú, mo máa lọ bá a níbikíbi tó bá wà.

Mo lọ bá mátíróònù, àgbà nọ́ọ̀sì tó ń darí abẹ́rẹ́ náà. Gbọ̀ngàn ṣófo, àwọn nọ́ọ̀sì jókòó ti kúlà abẹ́rẹ́, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara. Mo ṣàlàyé fún un. Mátíróònù ò bèèrè ohun púpọ̀, ó kàn ní, “Jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Mi ò gbé abẹ́rẹ́ wá síbí kí n wá máa wò ó.”

Mo sọ fún bàbá pé a ń lọ. Ó ní, “Bí wọ́n bá bi mí, mi ò mọ̀ sí i o.” Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún pè mí. “Má ṣàlàyé kankan fún un. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í rojọ́. Mo mọ ẹnu ẹ.”

Àwòrán kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà lórí péèjì ló fọ̀nà hàn wá. Bàtà ọmọdé ló tò sẹ́yìn ẹ̀. A dé Apákùn, a ń bi àwọn tó ń tajà létí títì léèrè ìyá oníbàtà ọmọdé, wọ́n sì nawọ́ sí i fún wa. Ọmọ náà jókòó lórí aṣọ láàárín bàtà, ó ń jẹ okùn bàtà kan lẹ́nu. Obìnrin náà rí mi, ó mọ̀ mí, ó sì ń to bàtà ẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó dúró.

Mátíróònù ní, “Ọmọ mi, a wá bẹ̀ ọ́ ni.” Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, nínú yanrìn, àwọn ọlọ́kadà ń tú èéfín sí mi lára. Àwọn oníṣòwò ti ń yíjú. Ẹnìkan ti gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Mo ní kó máa yà á lọ.

“Ẹ dìde, àǹtí,” obìnrin náà sọ. “Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mo gbé ẹni tó jù mí lọ sórí ìkúnlẹ̀ ni?”

“Mi ò dìde. A ṣẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́.” Ọ̀rọ̀ oríkì àti agbádá ti dé orí ahọ́n mi, mo fẹ́ ju ẹ̀bi sí bàbá lọ́rùn. Mo gbé e mì.

Ó gbé bàtà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. “Èmi nìkan kọ́. Àwọn tí a jọ dúró nínú oòrùn ńkọ́? Ẹ máa lọ kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan?”

Mo ní, “Bó bá gbà bẹ́ẹ̀.”

Mátíróònù ní, “Orúnkún ẹ ò ní tó o.” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, kò mọ̀gbà tó bọ́. Ó nu ojú ẹ̀. Ó ní kí n gbé fóònù mi wá. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ fún un, ó sì sọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀yin ìyá tí a jọ dúró ní Bọ́ládé, èmi oníbàtà ni. Wọ́n wá bá mi ní Apákùn. Wọ́n kúnlẹ̀, mo fojú mi rí i. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni, lọ́nà Ìsọlọ̀, títí di Jímọ̀. Èmi ń gbé tèmi lọ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìbínú gba ọmọ lọ́wọ́ yín.”

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi gbé ohùn yẹn sórí péèjì ìjọba. Mi ò fi oríkì síwájú ẹ̀, mi ò sì fi àwòrán ẹnikẹ́ni dé e. Mo tún fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn ìyá àdúrà ní mọ́sálásí, sí ti àwọn onílé ní Òkè-Àfà, sí ti àwọn oníṣòwò. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, obìnrin kan tó jókòó níwájú mi ti ń gbọ́ ọ, ó gbé fóònù sétí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kóun náà lè gbọ́.

Bàbá ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. “Ọ̀gá àgbà dà nínú ẹ̀?”

“Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń kúnlẹ̀, sà.”

“Wọ́n máa kọ̀wé ẹ̀sùn sí ẹ o.”

“Kí wọ́n kọ ọ́, sà. Mo máa fèsì.”

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ ní kí n yọ ọ́ kúrò, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó gbọ́ ohùn náà tán, ó tún un gbọ́. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀. “Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ó sọ, ó sì wo ibòmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Mátíróònù ń pariwo pé kí wọ́n jókòó létòlétò, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo ń wá gèlè búlúù, mi ò rí i. Ó dé nígbà tí oòrùn ti mú, ó ní ọjà ló dá òun dúró. Ó tò sẹ́yìn bí gbogbo èèyàn. Nígbà tó kàn án, ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Àǹtí, ẹ bá mi gbé e. Mi ò lè wò ó.”

Ó kẹ̀yìn sí wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri. Mo di ọmọ náà mú. Nọ́ọ̀sì gún un, ọmọ sì lọgun, igbe tó ń wọni létí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mo ń sọ pé, “Pẹ̀lẹ́, ìyá mi, ó ti tó, má ké mọ́.”

Ìyá ẹ̀ ò yíjú padà. “Ẹ jẹ́ ó ké, àǹtí,” ó sọ. “Nígbà tí ti àkọ́kọ́ ń lọ, kò lè ké mọ́. Ẹ jẹ́ ó ké.”

Mo bá dákẹ́, mo jẹ́ kó ké.