Orí Suara Kì Í Ṣe Irin

Suara Àyìnlá, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí gbogbo Agége ń pè ní Orí-Irin, kú ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí nínú yàrá kan ní Ìfàkò. Kò tíì pé ogójì ọdún. Láti ọdún tó kọjá ni Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ṣíbí bọ́ ọ, nítorí ọwọ́ tó fi gba bẹ́líìtì ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kò lè di ife omi mú mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín. Nínú àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tí wọ́n máa ń bá a ya fọ́tò, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan létí sàréè.

Àmọ́ wọ́n gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, wọ́n ti lẹ bébà mọ́ ògiri láti Agége dé Ọ̀pẹ̀bì: ìjà ìrántí Suara, ọjọ́ Sátidé. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí wọn ò ráyè bẹ̀ wò nígbà tó wà láàyè, wọ́n ti ráyè fi òkú rẹ̀ pe èrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Suara ṣe ń jà, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò bá ìgbà dáadáa rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà ni, ó sì ń kan ẹ̀ṣẹ́ fún wọn. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń rí orí rẹ̀ gbá. Á fi èjìká òsì bo àgbọ̀n, á fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, á wá rọra yẹ̀, bí ẹni tó ń yà fún àgbàlagbà lójú ọ̀nà. Ẹ̀ṣẹ́ ẹni tó ń bá a jà á kọjá lẹ́bàá etí rẹ̀. Kí onítọ̀hún tó fa ọwọ́ padà, Suara á ti gbá a níhà. Láti ayé àwọn òyìnbó ni mo ti ń kọ̀wé nípa ẹ̀ṣẹ́ kíkàn; mi ò rí ẹlòmíràn tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jà bẹ́ẹ̀.

Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, òwú di ọ̀wọ́n, ilé-iṣẹ́ dá òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n sì tú ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ wọn ká. Suara bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ìjà. Ìjà tó máa ń pẹ́ kó tó kan èèyàn di ti oṣooṣù. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ò lè yẹ̀ mọ́, ló bá ń fẹ̀yìn ti okùn, ó ń jẹ́ kí wọ́n lù ú títí á fi rẹ̀ wọ́n, kó tó lù wọ́n padà. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ọgbọ́n tuntun ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Orí-Irin. Mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti kú, ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn lẹ́nu. Láti ìgbà náà, ibi tí Suara bá ti ń gbára dì fún ìjà, àwọn èèyàn á tò, wọ́n á máa gbá a lórí wò bóyá irin ni lóòótọ́. Ọlọ́pàá gbá a. Oníbúrẹ́dì gbá a. Èmi náà mú àlejò lọ láti Ìbàdàn, ó gbá a. Suara ń rẹ́rìn-ín.

Ta ló yẹ kó dá a dúró? Ṣé kì í ṣe dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn? Dókítà ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Saudi. Oníkẹ́míìsì kan ni wọ́n ń wọ aṣọ funfun fún. Á tan tọ́ọ̀ṣì sójú Suara, á ní, "Ara ẹ̀ le, ẹ jẹ́ ó wọlé." Ojú mi ló ṣe. Ojú àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ló ṣe, níbi tí alága wọn, ọ̀gá ológun, ti ń mu bíà tútù ní ìjókòó iwájú.

Nígbà tí ahọ́n Suara wá ń lọ́, tó ń ta gbọ̀ngbọ́n lójú títì, kí ni àdúgbò wí? Wọ́n ní ọtí ni. Suara tí kò fi ọtí kan ètè rí! Wọ́n ní kó má pe ìrun mọ́ ní mọ́sálásí tó ti ń pè é. Sùlíyá lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbóòórùn ẹnu ọkọ òun. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, a ò bá ọkọ ẹ jà. Kó ṣáà kọ́kọ́ fi ìgò sílẹ̀ ná."

Ọjọ́ kẹta tí a sin ín, mo lọ gẹrun lọ́dọ̀ Láídé, onígbàjámọ̀ tó wà nítòsí rélùwéè Agége. Mo bá wọn lẹ́nu àríyànjiyàn.

"Suara kẹ̀?" ni Láídé ń wí. "Ẹni tó ń gba ẹ̀ṣẹ́ bí ẹni ń gba àlejò! Ẹ má pe ìyẹn ní ọ̀gá fún mi."

"Ìwọ lo ò mọ ìjà," Olúṣínà télọ̀ dá a lóhùn. "Ta ló na ará Muṣin tó ń fọwọ́ òsì jà, tí ìyẹn sùn bí ọmọ tuntun? Ọgbọ́n ni gbogbo ẹ̀."

"Ọgbọ́n wo ló ní kéèyàn fi orí gba òkò? Lọ rán ṣòkòtò ẹ, jàre."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láídé yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ bá wa dá a. Ṣé ọ̀gá ni àbí kì í ṣe ọ̀gá?"

Kí n tó fèsì, ẹni tí Láídé ń fá lórí gbójú sókè. Shuaib ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lókè pátápátá lára bébà ìjà ìrántí náà. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n gbé e nílẹ̀ níbi ìjà kan ní Muṣin, tí kò dá ìyá tó bí i mọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

"Bàbá, ṣé ẹ máa wá ní Sátidé? Orí-Irin Kejì ni wọ́n ń pè mí báyìí o."

Mo ní mo gbọ́. Láídé fa abẹ gba ìpàkọ́ rẹ̀, ó nu ọṣẹ kúrò. Shuaib tún gbójú sókè, ẹ̀rín kan náà lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ máa wá ní Sátidé?"

Abẹ dúró lọ́wọ́ Láídé.

Láídé, èsì tí mi ò lè fún ọ lọ́jọ́ náà nìyí. Ọ̀gá ni Suara, ní gbogbo ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń rí orí rẹ̀ gbá. Ohun tí a wá pàtẹ́wọ́ fún lẹ́yìn náà, kì í ṣe ìjà. À ń pa á díẹ̀díẹ̀ ni, gègé mi sì wà lára ohun tó pa á.

Ẹ̀yin ọ̀gá ẹgbẹ́, ẹ yọ Shuaib kúrò nínú ìjà Sátidé. Ẹ wá dókítà tòótọ́ kó wo orí rẹ̀, kó sì sọ ohun tó bá rí ní gbangba. Ẹ sọ fún Sùlíyá, pẹ̀lú orúkọ, ẹni tó ń ní kí ọkọ rẹ̀ wọlé jà nígbà tí ìyẹn ò mọ ọjọ́ mọ́. Ẹ má sọ fún un pé ẹgbẹ́ ni. Ẹgbẹ́ ò lẹ́nu. Èèyàn ló sọ ọ́.

Bí ẹ bá sì ta kú pé ara Shuaib yá, ilé ìyá rẹ̀ ò jìnnà. Kí ẹni tó fẹ́ mú un jà lọ bá obìnrin náà kí Sátidé tó pé, kó dárúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, kó wò ó lójú kòró, kó ní, "Màmá, èmi ni mo ní kí ọmọ yín wọlé."