Ọjọ́ Tí Mo Yí Gábàsì Padà

Bí mo bá rántí abúlé wa lẹ́yìn Ìpàra, òórùn obì tí wọ́n rẹ sómi ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi nímú. Àwọn obìnrin a yọ gbàǹja kúrò nínú apó rẹ̀, wọn a rẹ ẹ́ kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rà kúrò, òórùn rẹ̀ a sì kan bí omi ògì ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí ni òórùn igbó máa ń tẹ̀ lé e: ewé tútù, ilẹ̀ dúdú, àti omi. Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, gbé irú abúlé bẹ́ẹ̀ rí, o mọ̀ pé ibi tí ilé bá parí sí ni igbó ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sí odi láàárín. Igbó tiwa kò tóbi. Ìdílé àgbẹ̀ kan tó ti wà níbẹ̀ kí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé ló ni ín, wọn kì í sì í dá oko nínú rẹ̀, nítorí ìsun omi tí gbogbo abúlé ń mu wà lábẹ́ igi arère ńlá kan ní etí rẹ̀. Ìyáàlé baálé ìdílé náà ló máa ń gbá ojú ìsun náà láràárọ̀. Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Àwa tí òwò obì kó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jẹ́ mùsùlùmí. Omi kan náà la jọ ń pọn.

Ọdún díẹ̀ ló kù kí òmìnira dé nígbà náà. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ṣàgámù, níbi tí mo ti ń da àwòrán ilé kọ láti orí ìwé kan sí òmíràn. Bí mo bá fi ìwọ̀n èékánná kan ṣì í, ògiri ẹlòmíràn á wọ́, nítorí náà mo kọ́ láti má ṣe ṣì í. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, ọmọbìnrin ọdún méje. Ní ọ̀sán kan nígbà ọyẹ́, ó gba abẹ́ arère náà kọjá pẹ̀lú kèrègbè omi lórí, kò sì tíì wọlé tán tí ẹ̀ka gbígbẹ kan fi já lulẹ̀ sójú ọ̀nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Àwọn ará ilé ní, “Ọlọ́run kọ̀ ọ́, a dúpẹ́.” Èmi lọ mú rúlà. Gígùn ẹ̀ka náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mọ́kàndínlógún. Mo ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa, ó jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà láàárín èmi àti òkú ọmọ mi. Láti ọjọ́ náà, bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ ní Ṣàgámù, ọwọ́ mi a dúró lórí ìwé, n ó sì máa fetí sílẹ̀ bí ẹni pé mo lè gbọ́ igi náà láti ọ̀hún.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ní mọ́sáláṣí wa ti kéré. Ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ ti ń jẹ nísàlẹ̀, nígbà tó bá sì di Jímọ̀, ìdajì wa ló ń kírun nínú oòrùn. Lèmọ́mù wa ní kí n ya àwòrán tuntun, tí yóò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú fún àwọn ọmọ kéwú. Bàbá Onílẹ̀, baálé ìdílé tó ni igbó, fún wa ní ilẹ̀ láàárín ilé àti igbó láìgba nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ: “Ẹ kọ́lé yín. Ẹ má gé igi kankan. Bí oòrùn bá rí ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn, omi á sá lọ.” Gbogbo wa ní a gbọ́.

Mo wọn ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ilé náà bá kọjú sí gábàsì bó ṣe yẹ, kò ní kan igi kankan, àfi pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kéwú yóò bọ́ sábẹ́ ẹ̀ka arère gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọ mi yóò máa jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, òun àti pákó wàláà rẹ̀, tí yóò máa ka alífù, báà, tí nǹkan tó wúwo ju ọkùnrin méjì lọ yóò sì máa mì lókè orí rẹ̀. Mo wo àwòrán náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, mo yí ilé náà sọ́wọ́ òsì ní dìgírì méjìdínlógún. Ìyẹn nìkan. Arère náà bọ́ sí àárín ilé ìkírun, wọn kò sì lè kọ́lé yí igi po, àfi kí wọ́n gé e.

Mo gbé kọ́ńpáàsì ọ́fíìsì wá síwájú àwọn àgbà, mo fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n hàn wọ́n, mo ní òun ló fi gábàsì hàn wá bẹ́ẹ̀, kò sí bí a ti lè ṣe é. Lèmọ́mù ní, “Ìwọ lo lọ sílé ìwé. A gbà.” Bàbá Onílẹ̀ wo abẹ́rẹ́ náà pẹ́.

“Ṣé apá ibẹ̀ ni Ọlọ́run yín ní kí ẹ máa wò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Kò sí bí ẹ ṣe lè yà díẹ̀?”

“Kò sí, bàbá.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Èmi ò lè sọ fún Ọlọ́run ẹlòmíràn pé kí ó sún. Arère yẹn nìkan o. Mo ti fún yín.”

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. N kò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn gan-an.

Lagilagi méjì dé láti Ìròlù ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú àáké àti ayùn gígùn. Mo ti kan èèkàn, mo ti fa okùn ògiri iwájú, mo sì ti sọ fún ìyàwó mi pé kí ọmọ má jáde. Wọ́n ti gé e wọlé tó ìbú ọwọ́ kan nígbà tí ìyáàlé Bàbá Onílẹ̀ jáde láti ojú ìsun, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ìgbálẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sáàárín gbòǹgbò igi náà, ó sì fẹ̀yìn ti ibi tí àáké ti gé.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọkọ mi.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. A ń gégi.”

“Ẹ máa gé e. Ẹ̀yìn ló ń yún mi, ibi tí ẹ gé yìí sì bá a mu.”

Àwọn ènìyàn tó ti pé jọ rẹ́rìn-ín. Lagilagi kejì ní, “Bó bá wó lù yín ńkọ́?”

“Ẹ ó sin mí síbí. Omi ò jìnnà, ẹ ó rí nǹkan fọ ọwọ́.”

Mo súnmọ́ wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ìyá, ẹ dákun, Bàbá ti fún wa ní igi yìí.”

“Ó fún yín nígi. Kò fún yín ní ìsun. Ẹ ó wá gé orí, ẹ ó sì ní ọrùn lẹ kò fọwọ́ kàn?”

Ibẹ̀ la wà tí mo fi rí ọmọ mi. Ó ti bọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé kèrègbè rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó kàn ń lọ pọnmi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìwò mí, ó lọ jókòó ti ìyá àgbà náà, lábẹ́ igi tí a ti gé ní ìbú ọwọ́ kan. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń pàdé létí ìsun, ìyá náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ewé bo ojú omi orí kí ó má baà dà. N kò mọ èyí tẹ́lẹ̀.

“Dìde níbẹ̀,” ni mo wí.

“Ìyá ò tíì dìde, Bàbá mi.”

“Mo ní kí o dìde!”

Ó di ìró ìyá àgbà náà mú. Mo mọ̀ pé igi náà kò lè ṣubú, ó ku ohun tó pọ̀ kí ó tó lè mì. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fẹ́, ewé mì lókè, gbogbo ìṣirò mi sì kúrò lórí mi. Nígbà yẹn ni àwọn ọmọkùnrin Bàbá Onílẹ̀ ti oko dé, àdá lọ́wọ́ wọn.

“Ẹ fẹ́ gégi lu ìyá wa?”

Àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà dìde. “Bàbá yín ló fún wa! Ẹ lọ bi í!”

“Kí ẹni kan fọwọ́ kàn án ná. Ọwọ́ yẹn á sùn síbí lónìí.”

Ọ̀kan nínú tiwa gba àáké lọ́wọ́ lagilagi. Láàárín àáké yẹn àti àdá mẹ́ta ni ọmọ mi jókòó sí.

Ẹnì kan ti sáré lọ pe àwọn àgbà. Bàbá Onílẹ̀ àti Lèmọ́mù jọ dé ni. Bàbá Onílẹ̀ pe ìyàwó rẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: “Dìde. Mo ti fi ẹnu mi fún wọn, má dójú tì mí.” Ìyá náà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lèmọ́mù wo àdá, ó wo àáké, ó sì wo ọ̀run. “Oòrùn ti yẹ̀ lórí,” ni ó wí. “Àwa tí a ń kírun, ẹ jẹ́ ká kírun. Ẹni tó bá forí kanlẹ̀ kò ráyè jà. Ẹ tò lẹ́yìn okùn tí ọ̀gbẹ́ni yìí fà, ká fi ṣí ilé náà.”

Ó tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sẹ́bàá okùn, ó dúró bó ṣe máa ń dúró. Okùn mi gba ẹ̀gbẹ́ ẹní náà kọjá, ó wọ́, kò bá etí ẹní mu. Ó wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí ẹní náà kí ó bá okùn mu, ó tún dúró, ó sì mi orí. Ó wo ògiri mọ́sáláṣí àtijọ́ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó dá ẹní padà sí bó ṣe wà. Gbogbo ènìyàn ló ń wò ó.

“Mú abẹ́rẹ́ rẹ wá,” ni ó wí fún mi. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣíwájú ìrun níbí. Èwo nínú wa ló ṣìnà? Bó bá jẹ́ èmi ni, sọ ọ́, n ó tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run fún èmi àti gbogbo àwọn tó ti tẹ̀ lé mi.”

Ọ̀rẹ́ mi, kò sí ẹni tó lè já irọ́ mi. Èmi nìkan ló mọ kọ́ńpáàsì í kà. Bí mo bá ní òun ló ṣìnà, yóò gbà, yóò sì sunkún lórí ìrun ọgbọ̀n ọdún. Igi náà yóò lọ, ọmọ mi yóò sì máa ka kéwú nínú oòrùn gbalasa tí nǹkan kan kò lè já lù ú. Mo ti ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, “Ẹ má bínú, Lèmọ́mù, ẹ̀yin ni.” Mo wo apá ibi tí ọmọ mi wà. Kò wo àáké, kò wo àdá. Èmi ni ó ń wò, ó ń dúró de ìdáhùn bí àwọn yòókù.

“Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà,” ni mo wí. “Èmi ni mo yí i. Ẹ̀ka igi yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí ọmọ yìí.”

Ẹni tó mú àáké sọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi wí pé, “Ó fi gábàsì purọ́!” Ojú ni Lèmọ́mù dì. Bàbá Onílẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀ka gbígbẹ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“O béèrè lọ́wọ́ mi?”

“Rárá, bàbá.”

“Igi ni mo ní kí ẹ má gé. Ẹ̀ka gbígbẹ, igi ìdáná wa ni. Ṣé ìwọ nìkan lo bímọ ní abúlé yìí ni?”

Ìrun ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀yìn pátápátá ni Lèmọ́mù ní kí n dúró sí. Ní ọjọ́ kejì, akọpẹ kan gba ara igi tó wà nítòsí gun arère náà, ó já gbogbo ẹ̀ka tó ti kú sílẹ̀ kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó jinná. Wọ́n fi amọ̀ dí ibi tí àáké ti gé. Ìyá àgbà ní èmi ni n ó máa gbá ojú ìsun fún ọjọ́ méje. Mo lọ bi Lèmọ́mù bóyá mùsùlùmí lè ṣe irú rẹ̀. “Omi tí a fi ń ṣe àlùwàlá ni o fẹ́ gbá,” ni ó wí, “àbí kí ló tún kù tí o fẹ́ yí padà?” Ọmọ mi ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń mú ìgbálẹ̀ náà kí ewé má baà bọ́ sómi.

Mo tún àwòrán náà yà, lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú Bàbá Onílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun ló ní kí a má gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn níhà igbó, nítorí gbòǹgbò. Ìyá àgbà ló ní kí ibi àlùwàlá wà ní ìsàlẹ̀ ìsun, kí omi tí a ti lò máa ṣàn lọ sídìí obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó má padà sínú èyí tí a ó mu. A fi ìhà igbó sílẹ̀ láìní ògiri, òpó nìkan ló gbé òrùlé rẹ̀, atẹ́gùn abẹ́ igi sì ń wọlé débi pé àwọn arúgbó kì í fẹ́ lọ sílé lẹ́yìn ìrun. Bí òjò bá dé, àwọn obìnrin abúlé, tiwa àti tiwọn, a gbé agbọ̀n obì wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kéwú láti bó o. Igi kan kò kúrò nínú igbó náà nítorí wa.

Ọmọ mi ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, bí òun kò bá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣé n kì bá ti sọ pé Lèmọ́mù ló ṣìnà. Mo ní n kò mọ̀, òótọ́ sì ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àgbà méjì gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nítorí Ọlọ́run, tí ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ ń pè É bí a ti ń pè É, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìgbàgbọ́ àwọn méjèèjì ra ohun tí ǹ bá ti rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ká ní mo rìn dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Onílẹ̀, tí mo sì sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí.