Ta Ní Ń Bẹ Pásítọ̀ Wò?

Kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tí mo ṣe pẹ́ jù láyé mi ni bíbẹ àwọn pásítọ̀ wò. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣebí pásítọ̀ ló ń bẹ èèyàn wò. Ta ní wá ń bẹ pásítọ̀ wò?" Èmi ni. Àwọn ìjọ kéékèèké kan láti Ìkẹjà títí dé Agége ló kó ara wọn jọ, wọ́n gba yàrá kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ọ̀dà, wọ́n sì ní kí èmi àti Bàbá Ọlátúnjí máa lọ bá àwọn pásítọ̀ wọn jókòó, kí ọkàn wọn má baà ṣáko kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Bàbá Ọlátúnjí, àlùfáà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo bi pásítọ̀ tí a kọ́kọ́ bẹ̀ wò bóyá ìjọ ń pọ̀ sí i. Bàbá ní sùúrù títí a fi jáde. Wọ́n wá ní, "Ohun tí gbogbo èèyàn ń bi í nìyẹn, òun náà ló sì ń kó bá a. Bi í bóyá ó ṣì ń gbàdúrà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀ l'Ékìtì; ọmọdé ni mo mọ̀ ọ́n bi ní ìbéèrè. Àwọn pásítọ̀ á gbé máltì àti bisikíìtì síwájú mi, wọ́n á fi ìròyìn ìjọ kún mi létí títí máltì á fi tán, màá sì dìde láìbéèrè ohunkóhun. Nígbà tó yá, mi ò fọwọ́ kan máltì mọ́ àfi tí mo bá ti sọ ohun tó gbé mi wá.

Ọ̀rọ̀ Pásítọ̀ Dáyọ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Oko Ọba ni ìjọ rẹ̀ wà, nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan tí kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó gbàdúrà fún Ìyá Ṣadé, tó ń ta pọ̀nmọ́ ládùúgbò náà, tó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó kígbe láti orí pẹpẹ pé àìsàn náà ti lọ, kí màmá má lo oògùn mọ́. Ẹnì kan fi fóònù ká a sílẹ̀, ó sì tàn káàkiri. Kò pẹ́ tí àga ò fi tó mọ́ nínú ìjọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, Ṣadé, ọmọ màmá náà, wá bá mi ní ọ́fíìsì.

Ó ní, "Mà, mọ́mì mi ti da oògùn wọn nù. Òòyì ń kọ́ wọn. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní pásítọ̀ ti sọ̀rọ̀."

Èmi àti Ṣadé gbéra lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a dé Oko Ọba, ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ṣadé sì ti jókòó síbẹ̀. Mo pe Pásítọ̀ Dáyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Pásítọ̀, ṣé Ọlọ́run ló ní kí obìnrin yẹn má lo oògùn mọ́?"

Ó wolẹ̀. "Màmá, ariwo pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde kí n tó mọ̀."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ àbí Ọlọ́run?"

"Èmi ni." Ó wo àwọn èèyàn tó ń wọlé. "Ẹ jẹ́ kí n pe Ìyá Ṣadé sí kọ̀rọ̀, kí n ní kí wọ́n padà sí oògùn wọn."

"Àwọn yòókù tó ń lo oògùn ńkọ́? Àwọn náà gbọ́. Orí pẹpẹ lẹ ti sọ ọ́."

"Wọ́n á lọ, Màmá. Ìjọ á tú ká."

"Ó ṣeé ṣe," ni mo wí. Mi ò lè ṣèlérí fún un pé wọn ò ní lọ.

Ó gun orí pẹpẹ. Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá. Ó ní, "Ohun tí mo sọ nípa Ìyá Ṣadé, Ọlọ́run ò rán mi. Èmi ni mo sọ ọ́. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí oògùn yín. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ má fi tiyín sílẹ̀."

Ọkùnrin kan mú Bíbélì rẹ̀, ó jáde. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni Ìyá Ṣadé dìde, tó ń di ẹ̀yìn àga mú bó ṣe ń bọ̀ níwájú. Mo rò pé èébú ló fẹ́ bú u.

Ó ní, "Pásítọ̀, mo mọ̀ pé ara mi ò yá. Láti ọjọ́ kejì ni orí ti ń fọ́ mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Pásítọ̀ Dáyọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ, ó sunkún lójú gbogbo ìjọ. Lẹ́yìn náà ló dìde, tó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé màmá àti Ṣadé lọ sí ọsibítù. Wọ́n dá màmá dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó yè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ìjọ náà ò tíì pọ̀ tó bó ṣe wà nígbà yẹn títí di òní. Pásítọ̀ Dáyọ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń gbé Ìyá Ṣadé lọ rí dókítà.

Àwọn tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi máa ń béèrè bí mo ṣe ń mọ̀ tí ẹsẹ̀ pásítọ̀ bá ti ń yẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ nínú ìjọ dáadáa. Àwọn ló máa ń fi ara wọn bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín sí i nígbà tí ìrora ń pa wọ́n lọ.