Orúkọ Inú Fóònù

Bí mo bá ti rí ẹni tó ń yọ fóònù kó tó dáhùn ìbéèrè, ọkọ àbúrò mi obìnrin ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Látìgbà tó ti Àbíjàn dé, kò sí ohun Èjìgbò kan tó tún dáa lójú ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bímọ obìnrin, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Ràfíátù. Ó yínmú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ojúlé ni Ràfíátù wà." Lọ́jọ́ ìkómọ, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ààfáà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka fóònù: "Súmúrúdà! Èdè Lárúbáwá ni. Òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé ló túmọ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ láti ibí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Fuwalà!" Faransé yẹn ló fi ń parí gbogbo ọ̀rọ̀, bí ẹni pé ó ti dájọ́.

Ìyá wa ò bá a jiyàn. Wọ́n gbé ọmọ mọ́ra, wọ́n fún un ní oríkì: Àṣàbí. Ọkùnrin náà ní ará oko ló ń ki oríkì. Bébì lòun alára ń pè é nílé.

Nígbà tí ọmọ tó ilé-ìwé lọ, mo bá wọn lọ. Tíṣà béèrè orúkọ ọmọ. Baba tọwọ́ bọ àpò. Ó yọ fóònù; iná ti tán nínú ẹ̀. Ó wò mí. Mo mọ orúkọ náà dáadáa, mo wo àjà.

Ni tíṣà bá bi ọmọ fúnra ẹ̀.

"Àṣàbí, mà."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni ọkọ àbúrò mi wí. Kò fi Fuwalà parí ẹ̀.