Àwọn Ọmọ Tí Wọn Ò Kà ní Abúlé Bàbá Gopal

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lẹ́nu láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Mo gba àgbàlagbà kan nímọ̀ràn, ìmọ̀ràn burúkú ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò gbà á!

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní New York níbí ni kí n máa fi ọkọ̀ gbé àwọn aláìsàn lọ sí clinic, kí n sì gbé wọn padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá Gopal, ará India, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Wakefield. Kíndìnrín ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń gbé wọn lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹni tó ń wọ mọ́tò èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ṣé kò ti di ẹbí?

Abúlé wọn ni bàbá máa ń ròyìn. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ìrẹsì ni gbogbo ilé ń gbìn, àfi àwọn amọ̀kòkò tó wà lẹ́bàá odò. Nígbà tó yá, òjò ò rọ̀ déédéé mọ́, ni abúlé bá gbẹ́ kànga jíjìn, wọ́n kọjú sí òwú. Òwú náà já wọn kulẹ̀. Ike sì gba iṣẹ́ mọ́ àwọn amọ̀kòkò lọ́wọ́. Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn: ìlú ńlá, Dubai, Amẹ́ríkà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, torí àfi bíi pé abúlé tiwa lọ́nà Abẹ́òkúta ni bàbá ń sọ!

Lọ́jọ́ Tuesday kan, bàbá wọ ọkọ̀, wọn ò kí mi. Háà! Wọ́n na lẹ́tà kan sí mi, wọ́n ní ojú àwọn ò ríran dáadáa, kí n bá àwọn kà á. Mo páàkì.

Ọmọ àbúrò wọn ló kọ ọ́ láti abúlé, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìjọba fẹ́ ti ilé ìwé abúlé náà, nítorí ọmọ mẹ́sàn-án péré ló kù. Bàbá tó bí Bàbá Gopal ló yọ̀ǹda ilẹ̀ ilé ìwé yẹn, tí wọ́n bá sì tì í, ẹbí ló ni ilẹ̀ padà. Àwọn tó ń ṣe bíríkì fẹ́ rà á. Kí bàbá ṣáà fọwọ́ sí i.

Bàbá bi mí pé, "Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

Ẹnu mi yá. "Bàbá, ẹ fọwọ́ sí i. Ta lẹ fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀ dè? Abúlé yẹn ti kú."

Bàbá gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a. Nígbà tí mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti sọ̀kalẹ̀, omi wà lójú wọn. Ó dùn mí, àmọ́ mo ní òótọ́ ṣá ni mo sọ.

Ní Saturday, ojú wọn ti yàtọ̀. Wọ́n ti pe Lakshmi, ọmọ amọ̀kòkò kan tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fáwọn ọmọ ilé ìwé náà. Wọ́n bi í pé ọmọ mélòó ló ń bọ́. Lakshmi ní mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìkòkò tí òun ń gbé kaná, ti ọgbọ̀n ọmọ ni!

Ta ló wá bí àwọn yòókù? Àwọn àlejò tó wá ṣiṣẹ́ bíríkì láti ọ̀nà jíjìn ni, tí wọ́n háyà ilé táwọn onílé fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọn máa ń jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn, wọn kì í ṣáà ṣe ọmọ abúlé.

Bàbá ní, "Ọmọ àbúrò mi ò kà wọ́n. Ṣùgbọ́n èmi náà ò béèrè rí. Àwọn tí mo mọ̀ nìkan ni mò ń kà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, àwa méje la wà nínú basement kan. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, landlord á ní ẹrù lòun kó síbẹ̀. Ẹrù! Àwa tá à ń jí lọ tọ́jú arúgbó, tá à ń fọ àwo, tá à ń wakọ̀. Èmi tí wọ́n pè ní ẹrù ni mo wá ń sọ pé abúlé ẹlòmíì ti kú.

Bàbá ò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí tíṣà máa lọ láti ilé dé ilé, kó kọ orúkọ gbogbo ọmọ. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba àwọn òbí, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ lé àwọn ni. Bàbá fúnra wọn fi fóònù bá àwọn òbí náà sọ̀rọ̀, nínú mọ́tò mi. N ò gbọ́ èdè wọn, àmọ́ mo gbọ́ bí ọmọdé ṣe ń pariwo lẹ́yìn.

Nítorí orúkọ tuntun wọ̀nyẹn, ilé ìwé ṣì wà ní ṣíṣí lọ́dún yìí. Ti ọdún tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ọmọ àbúrò wọn ò tíì bá bàbá sọ̀rọ̀ látìgbà náà.

Èmi náà pe ẹ̀gbọ́n mi nílé, mo bi wọ́n pé ta ló ń gbé abúlé wa. Wọ́n ní kò séèyàn. Mo tún bi wọ́n. Wọ́n ní, ó dáa, àwọn Ègùn kan ń dáko níbẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ kí àwọn èèyàn náà, kí wọ́n béèrè orúkọ wọn.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n tó sọ pé ìlú kan ti ṣófo, kí n kọ́kọ́ bi ẹni tó ń dáná níbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń gbé abúlé yín báyìí? Ṣé ẹ mọ orúkọ wọn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá ka gbogbo ẹ̀.