Ọrun Bàbá Mi àti Èjìká Olúọdẹ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìrè lọ́jọ́ tí mo tún gbé ọrun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rọra rín in o. Àwọn kan tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ń ka ojú ewé mi.

Ẹ rántí pé ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Ọ̀yẹ́. Iṣan èjìká ọ̀tún mi já. Ìdó ni wọ́n ti là á, tí wọ́n tún un rán bí ẹni rán ṣòkòtò. Dókítà ṣe tiẹ̀, Ọlọ́run ṣe tiẹ̀, ó wá ku èmi.

Obìnrin físíò, ìyẹn ẹni tó máa ń kọ́ apá aláìsàn níṣẹ́, fún mi ní rọ́bà pupa kan pé kí n máa fà á. Mo ní, "Àǹtí, ọdẹ ọlọ́fà ni mí o! Ọrun tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo máa ń fà." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n lọ wá ọrun tí ọmọdé lè fà, kí n fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fa ti bàbá mi kí òun tó yọ̀ǹda, kí n má wulẹ̀ padà wá síwájú òun.

Ọrun ọmọdé! Èmi, ọmọ yunifásítì, ọmọ ọdẹ! Ṣùgbọ́n mo gé àtọ̀rì, mo so ọsán mọ́ ọn, mo sì ń lọ ta á lẹ́yìn ilé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí mi. Ìyàwó mi rí mi. Ó ní, "Bàbá Tólú, ṣé aláǹgbá lẹ fẹ́ pa fún wa jẹ lọ́sàn-án yìí ni?"

Kí ló ń lé mi tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìbọn ni ẹgbẹ́ ọdẹ wa ń lò, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó jẹ́ pé ọrun àti ọfà nìkan la fi ń wọgbó, ní ìrántí àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọdẹ tó bá sì ti àìsàn dé kò gbọdọ̀ dá fa ọrun rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àgbà ní láti kọ́kọ́ fà á lójú gbogbo ẹgbẹ́, kó súre sí i, kó tó dá a padà fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni ọrun yóò fà á, yóò ta ìbẹ́pẹ tí wọ́n fi kọ́ orí igi. Bí kò bá lè fà á, ẹrù ló máa rù. Ẹran tí ẹlòmíì pa ló máa gbé wọ̀lú!

Èmi, ọmọ ọlọ́fà, kí n ru ẹran ẹlòmíì kọjá níwájú ilé bàbá mi? Bàbá mi á jí nínú sàréè, á tún kú.

Ọjọ́ pé. Mo gbé ọrun bàbá mi dání, nítorí ojú ayé, mo sì fi ti àtọ̀rì pamọ́ sínú àpò.

Olúọdẹ wa ló jókòó síwájú. Kò sí ìpàdé tí wọn kì í ti í sọ bí wọ́n ṣe fi ọfà kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n nígbà èwe wọn. Ẹfọ̀n yẹn ń tóbi sí i lọ́dọọdún. Bó ṣe wà báyìí, ó ti fẹ́ẹ̀ tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Akọ̀wé ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, jókòó tì wọ́n. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé bíi ti sójà tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Kánádà, kí ẹran má bàa rí i. Ó wá da pàfíúmù sára, tó fi jẹ́ pé ẹran tó wà ní Ìsàn ti gbọ́ òórùn rẹ̀.

Olúọdẹ pariwo mọ́ mi, "Ọ̀mọ̀wé, mú un wá! Uṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe uṣẹ́ bíírò o. Mo gbọ́ pé rọ́bà lò ń fà kiri. Ṣé ẹyẹ ẹ̀ga lo fẹ́ pa ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Olúọdẹ gba ọrun bàbá mi, wọ́n dìde, wọ́n fà á.

Ọrun ò mira.

Wọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú un. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n tún fà á. Nǹkan kan ró "kó!" Olúọdẹ ní ọrun ló ró. Gbogbo wa la gbọ́ ibi tó ti ró.

Wọ́n wá nawọ́ ọrun sí Akọ̀wé. Akọ̀wé, tó máa ń fẹ́ ṣojú Olúọdẹ níbi gbogbo tí oúnjẹ bá wà, ní òun ò lè rú òfin ẹgbẹ́. Àgbà kejì ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ẹ̀kẹta gbé fóònù sétí, ó ń ṣe "hẹ́lò, hẹ́lò" níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì!

Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ọsán ò tíì já, ọrun ti dọ̀pá!"

Ẹ̀rín yẹn ì bá dùn mọ́ mi, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá fa ọrun mi, ẹrù ló kàn mí. Mo bá tú àpò, mo yọ àtọ̀rì. "Bàbá, ẹ bá mi súre sí èyí."

Ẹ ò rí bí ojú Olúọdẹ ṣe là! Wọ́n fà á, wọ́n tún un fà, wọ́n yí sọ́tùn-ún, wọ́n yí sósì kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ìre tí wọ́n sú fún mi gùn ju ti ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ.

Ó wá ku èmi. Mo fà á. Èjìká mi ta mí bí ìgbà tí agbọ́n ta ènìyàn, òógùn bò mí, ṣùgbọ́n ó dúró. Mo tú ọwọ́ sílẹ̀. Ọfà wọ inú ìbẹ́pẹ!

Nínú igbó lọ́jọ́ náà, àparò kan péré la rí mú bọ̀. Ọrun ọmọdé ló pa á. Bí a ṣe ń wọ̀lú, Olúọdẹ ní kí n gbé àparò náà wá, kí èjìká mi lè sinmi. Wọ́n gbé ọrun bàbá mi kọ́ èjìká kejì, èyí tí kò ró, wọ́n gbé àparò sókè, Akọ̀wé sì ń ya fọ́tò. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ìlú ti ń kí Olúọdẹ kú ọdẹ lórí wáńsáàpù.

Ṣé mo bínú? Rárá o! Ta ni òfin wa ní kó máa ru ẹran tí ẹlòmíì pa? Níwájú ilé bàbá mi gan-an ni wọ́n gbé e kọjá.

Nígbà tí mo tún lọ sí Ìdó, mo bá bàbá kan lórí bẹ́ńṣì, ó fa fìlà bojú. Mo kí wọn. Olúọdẹ ní aláìsàn làwọn wá kí. Àǹtí físíò yọrí síta, ó ní, "Bàbá, rọ́bà yín dà?"

Ẹ̀kọ́ mi kò pọ̀: ọrun tí apá ẹni ká ni ọrun ẹni. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti gbé rí nítorí ojú ayé, tí apá yín ò ká? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹfọ̀n, kó mú ìwo rẹ̀ dání o.